Ẹ má tíì ra òwú, òpó Cutty Sark yín lẹ máa kọ́kọ́ bójú tó

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìbéèrè yín, pé páálí Cutty Sark ńlá yẹn, àwòṣe rọ́bà ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ téèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ tò pọ̀, ti 1/96 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 96 gùn jù ú lọ), ti délé, pé bàbá yín tó fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ jẹun máa pé 70 ní December, ẹ fẹ́ kàn án fún wọn, ẹ wá ń béèrè irú òwú tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rà láti fi ṣe okùn ẹ̀ àti pé ṣé ó máa parí kó tó dìgbà yẹn. Mo máa sọ ti òwú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ti òpó ná, torí òpó ló fìyà jẹ mí, ẹni tó yẹ kó sì kìlọ̀ fún mi ò kìlọ̀.

Oṣù 14 ni tèmi gbà mí. Ti pé kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ àwọn rọ́bà yẹn kí òróró ara wọn lè kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fín ọ̀dà àkọ́kọ́ sí i, kẹ́ ẹ lẹ ìlàjì ara ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ìyẹn ò le, ẹ máa rí i ṣe. Ẹ ṣáà má gé gbogbo ẹ̀yà kúrò lára igi rọ́bà tó so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà wọn máa sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti òpó. Òwú kan ṣoṣo ò lágbára kankan, ìka kékeré yín lè já a. Àmọ́ òpó kọ̀ọ̀kan lórí ọkọ̀ yẹn, okùn tó ń fà á síwájú wà, èyí tó ń fà á sẹ́yìn wà, tọ̀tún tòsì wà, gbogbo wọn ń fà á tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ gidi tó wà ní Greenwich, ní London, wọ́n ní okùn orí ẹ̀ tó máìlì 11, ó sì lè gbé e torí irin ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ òpó ẹ̀. Tiwa, rọ́bà ni, tó bá sì fi máa dé òkè pátápátá kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ so okùn, mo lọ bá ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan irú ọkọ̀ yìí, ẹni tí gbogbo èèyàn ń tọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn. Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí n fi nǹkan kún inú òpó yìí kó lè le. Kò tiẹ̀ wo òpó ọ̀hún. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ṣe é, pé báwọn ṣe ń ṣe é látinú páálí nìyẹn, kò séwu. Mo gbà á gbọ́, torí èmi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, òun ló mọ̀.

Oṣù kẹsàn-án tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ni. Mo ti so òpó iwájú tán, mo ti so ti àárín dé ìdajì. Mo sùn lálẹ́ Sátidé, mo jí láàárọ̀ Sunday, mo rí i pé orí òpó àárín ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń tòògbé. Mo ní kò burú, mo fa okùn ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀. Òpó yẹn padà sípò lóòótọ́, àmọ́ okùn tó ti ara ẹ̀ lọ sára òpó iwájú wá le gan-an, ló bá fa orí òpó iwájú sẹ́yìn. Mo lọ fa ìyẹn síwájú, ti àárín tún tẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń fa èyí, tí mò ń dẹ ìyẹn, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Tó fi di ọ̀sán, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ dẹ́ẹ̀kì tá a máa ń so okùn mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pin rail, tú kúrò lápá òsì tòun ti okùn bíi méjìlá tó wà lára ẹ̀. Bó ṣe tú báyìí, kò sóhun tó ń di òpó mú lápá òsì mọ́, ti ọ̀tún fà á lọ, òpó òkè sì ṣẹ́. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ létí mi. Ìyàwó mi jáde láti kíṣìnì, ó dúró lẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé dànù lọ́jọ́ yẹn, okùn kọ̀ọ̀kan, torí kò sí bí mo ṣe fẹ́ yọ òpó tó ṣẹ́ láìgé ohun tó so mọ́ ọn.

Mo padà lọ bá ọ̀gá yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "O fa òwú jù ni." Inú ṣì ń bí mi dòní. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló yẹ kó mọ bí ìyà ẹ̀ ṣe ń jẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kó máa fọgbọ̀n ọdún bo ìbéèrè èèyàn mọ́lẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún yín pé òpó rọ́bà yẹn máa gbé e láìfi nǹkan sínú ẹ̀, ẹ ní kó fi tiẹ̀ hàn yín lẹ́yìn ọdún méjì tó ti so ó.

Ohun tí mo ṣe nígbà kejì rèé. Òpó ìsàlẹ̀ tèmi wá ní ìlàjì méjì, àárín ẹ̀ ṣófo, mo wá fi ọ̀pá idẹ tó wọ inú ẹ̀ dáadáa lẹ̀ ẹ́ sáàárín kí n tó pa ìlàjì méjèèjì dé. Ti òkè, èyí tí kò ní ihò nínú, mo pa rọ́bà ẹ̀ tì pátápátá. Mo mú ọ̀pá idẹ, mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin ha á kó lè máa tín-ín-rín lọ sókè, mo wọ̀n ọ́n mọ́ ti rọ́bà kí gígùn má bàa yàtọ̀, mo wá kùn ún. Àwọn míì ń fi igi róbótó ṣe é, ìyẹn náà dáa, kẹ́ ẹ ṣáà yan igi tí kò ní kókó. Àwọn ọ̀pá tó dábùú tí ìgbòkun ń rọ̀ sí, àwọn tó gùn jù ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹ fi àwọn kékeré sílẹ̀.

Pin rail yẹn ńkọ́? Mo wá rí ohun tó jẹ́ kó tú. Mo ti kun dẹ́ẹ̀kì àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tán kí n tó lẹ̀ ẹ́. Gúlù tá à ń lò fún rọ́bà, ńṣe ló ń yọ́ rọ́bà méjì wọnú ara wọn, tí ọ̀dà bá wà láàárín, ọ̀dà yẹn nìkan ló lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí gúlù máa kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi dírílù ọwọ́ tó kéré jù lu ihò mẹ́ta mẹ́rin gba inú pin rail wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà idẹ kékeré kàn án bí ìṣó. Tèmi ò tíì mira látìgbà náà.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má gbé e sítòsí híítà ara ògiri, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Rọ́bà máa ń tẹ̀ tó bá gbóná. Ọkọ̀ náà máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, ẹ wọn ilẹ̀kùn yín àti ibi tí bàbá máa gbé e sí kẹ́ ẹ tó lẹ ọ̀pá iwájú ọkọ̀ mọ́ ọn, kó má lọ jẹ́ pé kò ní gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹ bá wọn ṣe àpótí gíláàsì, torí tí eruku bá wọ àárín okùn, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó máa gbá a jáde.

Ti àwọ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà tún wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta ọ̀dà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ló tẹnu mọ́ ọn pé àwọ̀ bàbà pupa ni, mo sì rà á. Mo wá lọ sí Greenwich fúnra mi. Látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2012, wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà sókè ju mítà mẹ́ta lọ, èèyàn lè rìn kọjá lábẹ́ ìdí ẹ̀. Àwọ̀ tó ń dán bí idẹ ni mo rí lókè orí mi, kì í ṣe bàbà pupa, torí bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì ni wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ náà. Mo padà wálé, mo tún gbogbo ẹ̀ kùn. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí London, ẹ mú bàbá lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe so okùn ìsàlẹ̀ òpó, ó wúlò fún mi ju ìwé tó wà nínú páálí lọ. Ọkọ̀ yẹn náà ti rójú ayé. Scotland ni wọ́n ti kàn án, ní Dumbarton, ní 1869, àwọn ará Pọ́túgà rà á ní 1895, ìjì ṣẹ́ òpó ẹ̀ ní 1916 débi tí wọ́n fi ní láti yí bí ìgbòkun ẹ̀ ṣe rí padà, iná tún jó o ní 2007.

Òwú wàyí. Poliẹ́sítà ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra ti òwú gidi, torí ó máa ń nírun lára, ojú ọjọ́ sì máa ń dẹ̀ ẹ́. Náílọ́nù náà ò dáa, ńṣe ló ń fà. Dúdú fún okùn tó di òpó mú, tí kì í kúrò lójú kan: 0.5 mm fún ti ìsàlẹ̀, 0.25 mm bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè. Àwọ̀ igi fún àwọn okùn tí wọ́n fi ń yí ìgbòkun: 0.25 àti 0.15. Ẹ ṣírò ẹ̀, 0.25 lọ́nà 96 jẹ́ mìlímítà 24, okùn gidi ni yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta òwú tó nípọn jù fún yín. Ẹ fi ìda oyin fà á kó lè jọ̀lọ̀. Dúdú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti àárín ọkọ̀ bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá so ọ̀tún kẹ́ ẹ so òsì, tẹ́ ẹ bá so iwájú kẹ́ ẹ so ẹ̀yìn. Tí òwú ò bá ti dẹ̀ mọ́, ó tó, ẹ má fà á mọ́. Gúlù funfun tẹ́ ẹ fomi là ni kẹ́ ẹ fi kan kókó ẹ̀, súpà gúlù máa ń jẹ́ kó gan, á sì já, èéfín ẹ̀ tún máa ń jẹ́ kí ọ̀dà dúdú fín funfun.

December ò lè ká a, bọ̀dá mi, kí n má parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ gbọ́, ẹ fi ìgbòkun rọ́bà tó wà nínú páálí sílẹ̀, ti Greenwich náà dúró láìta ìgbòkun. Tẹ́ ẹ bá sáré parí ara ọkọ̀, òpó, àti okùn dúdú kó tó dọjọ́ ọjọ́ ìbí, ẹ gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òwú àwọ̀ igi nínú àpò, kẹ́ ẹ jọ so ìyókù. Ẹni tó lo ayé ẹ̀ lórí omi mọ kókó ju èmi àtẹ̀yin lọ.

Ẹ ya fọ́tò òpó ìsàlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó pa á dé, ẹ fi ránṣẹ́, kí n bá yín wò ó bóyá idẹ 1.5 mm ló máa wọ̀ ọ́ àbí 2.