Ẹ̀gẹ́ ni àbí àgbàdo? Ẹ wo ọ̀nà oko ná

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: ẹnì kan ní éékà ilẹ̀ 3 lọ́nà Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ ni kí òun gbìn ni àbí àgbàdo, èwo ló ń mówó wọlé jù. Ọ̀pọ̀ ti ní ẹ̀gẹ́ ni, torí gààrí wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra igi ẹ̀gẹ́ kankan. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí ná: tó bá di oṣù kẹsàn-án, tí òjò ti rẹ ilẹ̀ dénú, ṣé pikọ́ọ̀pù lè dé ẹnu oko yẹn kó sì tún jáde?

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ló ní kí inú rẹ̀ tó máa dúdú. Omi àti èèpo ló sì pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Nínú kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù, tí a bá bẹ ẹ́, tí a rin ín, tí a fi jákì fún un, tí a sì yan án, kílò 20 sí 25 gààrí ló máa kù. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́ tútù jáde láti inú igbó, omi ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Àwọn tó ń polówó èrè éékà kan kiri kì í ka ìyẹn mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí oko méjì á fi gbin irú kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan á jèrè, tí èkejì á jẹ gbèsè.

Tí ọ̀nà yín kò bá dáa, ẹ lè ṣe é ní gààrí tàbí láfún nítòsí oko, kí ohun tó fúyẹ́ jáde. Àmọ́ ìyẹn náà ń fẹ́ omi. Láfún ń fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó ń fẹ́ oòrùn tó mú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oòrùn ń mú lórí àpáta, ìgbà yẹn gan-an ni odò ń gbẹ. Tó bá sì di ìgbà òjò tí omi pọ̀, láfún kì í gbẹ, ó ń bu. Ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń ṣe é ní abúlé ibẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá odò wọn ṣì ń ní omi lóṣù kìíní. Ìdáhùn wọn tọ́jú owó ju ìwé ìṣirò kankan lọ.

Ní ti gbígbìn ẹ̀gẹ́: tí ẹ bá fi mítà kan sí àárín ìdí méjì, tí ẹ tún fi mítà kan sí àárín ebè, éékà kan á gba nǹkan bíi 4,000 ìdí. Igi tó gùn ní mítà kan á gé sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 5 sí 7. Ìdì tó ní igi 50 á fún yín ní 200, nítorí náà ìdì 20 ló ń lọ sí éékà kan. Ẹ ra 24, torí àwọn kan kò ní hù, ẹ sì máa tún wọn gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Igi tí ewé rẹ̀ ká kò tó sì ní àmì ìyeyè, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, àrùn ló gbé wá. Irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 dáa fún ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo sáàárín, torí ó ń dúró gangan, kì í ya ẹ̀ka púpọ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko ń pa ẹ̀gẹ́ lára. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó yẹ kí wọ́n ti ro ó. Ẹni tó fi ìkejì sílẹ̀, ajílẹ̀ kò lè bá a dá a padà. Ìgbà yìí náà ni gbogbo ayé ń wá agbàro, owó wọn á sì gbéra. Igba ebè ni wọ́n fi ń dá iye. Ẹgbàajì ebè, igba lọ́nà ogún ni, ẹ fúnra yín kà á kí ọkọ́ tó kanlẹ̀.

Ní ti àgbàdo, ẹ pinnu àkọ́rọ̀ àbí àrọ̀kúrò, wọn kì í ṣe ọjà kan náà. Ti àkọ́rọ̀, tí a gbìn ní oṣù kẹta ìparí sí oṣù kẹrin, àárín òjò ló ń gbó. Tútù ni kí ẹ tà á fún àwọn tó ń sun ún tàbí tó ń sè é. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó gbẹ lórí igi nígbà yẹn, yóò bu ni. Ti àrọ̀kúrò ló ṣeé tọ́jú, nítorí ó ń bọ́ sí ẹnu ẹ̀ẹ̀rùn. Kílò 8 sí 10 irúgbìn fún éékà kan, sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ebè, 25 láàárín ìdí, ẹyọ kan ní ihò kan. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 mẹ́ta lọ́sẹ̀ kejì, àpò ajílẹ̀ yúríà kan lọ́sẹ̀ kẹfà, kí ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Èyí tí ẹ bá wọ́n sórí ilẹ̀ lásán, òjò àti oòrùn ló máa pín in jẹ.

Láti ọdún 2016 tí kòkòrò fall armyworm, ìdin tó ń jẹ ewé àgbàdo, ti wọ Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ máa wo àárín ewé tó ká bí àrọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun pákó níbẹ̀, kòkòrò wà nínú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n oògùn, kó sì wọ inú àrọ yẹn.

Kí àgbàdo tó wọ àpò, ẹ da ìyọ̀ tó gbẹ àti ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo kan sínú ìgò tó gbẹ, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Tí ìyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ.

Títà ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀, láì tíì wú u, ni wọ́n ti ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ jù. Oníbàárà á rìn yí oko ká, á fọwọ́ sọ́yà pé éékà kan kò ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Kó tó dé, ẹ gba igun kan oko lọ sí igun kejì, kí ẹ wú ìdí kan ní gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá títí á fi pé ìdí mẹ́wàá. Ohun tí ẹsẹ̀ yín bá bá ni kí ẹ wú, torí ojú máa ń yan èyí tó sanra, èyí tó wà lẹ́bàá ògán. Ẹ gé ìdí igi kúrò, ẹ gbọn erùpẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní mẹ́wàá yẹn jẹ́ kílò 21, kílò 2.1 ni ìdí kan. Tí ìdí 3,400 bá kù nínú 4,000, kílò 7,140 nìyẹn. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá fún èyí tó máa kán sínú ilẹ̀, ó ku nǹkan bíi 6,400. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí oníbàárà ń wá. Ẹ má dúró títí òjò tuntun á fi rọ̀ dáadáa, torí ẹ̀gẹ́ á tún hu ewé, á di olómi, gààrí rẹ̀ á sì dín.

Owó tí ẹ máa yá ńkọ́? Gbomú-lé-láńtà tí ẹ ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò bá ohun tó ń gba oṣù mẹ́wàá sí méjìlá mu rárá. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló sàn.

Ẹ̀gẹ́ máa ń dúró nínú oko ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí màlúù ń wá ewé tútù. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 ka dída ẹran káàkiri léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í sùn sóko. Tí oko yín bá wà lójú ọ̀nà màlúù, àgbàdo tí ẹ ti kó kúrò ní oṣù kọkànlá ló fọkàn yín balẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ni, ẹ má gbin kajú sí i. Igi ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀, onílẹ̀ kò sì ní gbà. Kí olórí ẹbí àti ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ gbèsè.

Bó bá jẹ́ èmi, n kò ní gbin éékà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àgbàdo láàárín lórí éékà tó sún mọ́ ọ̀nà, àgbàdo àrọ̀kúrò lórí ìkejì, kí ìkẹta dúró. Ẹ sọ fún wa kìlómítà mélòó ni oko sí ọ̀nà ọlọ́dà, àti bóyá ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wà ní abúlé yẹn, a ó lè bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà náà.