Wá Elégbè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ọdún kẹta rèé tí o ti ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní London, ìwọ nìkan sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn olùkọ́. O dá a lábàá ní ìpàdé pé kí àwọn òbí máa wá pàlọ́ fún àwọn ọmọ ní èdè ilé wọn, kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òyìnbó kan sọ ohun kan náà, wọ́n bá ń yìn ín. Orúkọ rẹ pàápàá, wọ́n ti gé e kúrú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. O wá ń bi mí bóyá kí o kúkú panu mọ́ títí wàá fi ríṣẹ́ mìíràn.

Má panu mọ́ o. Kò sóhun tó ṣe ohùn rẹ. Bó ti wù kí akọrin mọ orin tó, bí kò bá sí elégbè, orin á kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ojú rẹ kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1969, Yvonne Conolly, ọmọ Jàmáíkà, di ọ̀gá ilé ìwé Ring Cross ní àríwá London. Wọ́n halẹ̀ pé àwọn máa dáná sun ilé ìwé náà. Ọ̀gá ni, síbẹ̀ kò dá nìkan rìn: ó kó àwọn olùkọ́ ará Kàríbíánì jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ń kojú irú ìyà yìí. Ní 2019, Nicola Rollock tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Britain. Ẹni 25 péré ni wọ́n nígbà náà; 20 nínú wọn bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì ròyìn irú ìfojútẹ́ńbẹ́lú tí o kọ sí mi yìí.

Ẹgbẹ́ olùkọ́ NEU ní àpérò tirẹ̀ fún àwọn olùkọ́ aláwọ̀ dúdú. Lọ síbẹ̀. Nílé ìwé yín, obìnrin ará Bangladesh tí o ní ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán yẹn, ẹ jọ dá májẹ̀mú: bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, kí èkejì dárúkọ rẹ̀, kó ní, "Àbá tó mú wá yìí, mo fara mọ́ ọn."

O ní Ọjọ́rú ni ìpàdé yín. Fi àbá àlọ́ yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí o sì kọ orúkọ rẹ sí i ní kíkún, pẹ̀lú àmì lórí.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ