Ẹ Bi Bàbá Oníná: Ìyá Elẹ́ja Fẹ́ Ra Sólà

Bàbá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Ìsìnkàn níbí ní Àkúrẹ́: títù, kótè àti pańla. Fírísà méjì ló wà nílé mi. Báńdì A ni wọ́n fi àdúgbò wa sí, iná kì í sáábà lọ, àmọ́ owó rẹ̀ fẹ́ pa mí. Mo ra káàdì ₦20,000, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò. Rìsíìtì rẹ̀ nìyí. Yàtọ̀ sí fírísà, kò sí nǹkan gidi tí mò ń lò: tẹlifísàn, fáànù mẹ́ta, àti ríìngì tí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń gbóná omi ìwẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta sólà ní kí n ra páànẹ́lì mẹ́wàá àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù ńlá méjì, kí n yọ fírísà kúrò lórí iná ìjọba pátápátá. Owó tó pè tó èyí tí mo fi ń ra ọjà oṣù mẹ́ta. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó kó àjọ mi. — *Ìyá Elẹ́ja*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ má tíì kó àjọ yẹn.

Mo wo rìsíìtì yín: yúníìtì 88.8 (yúníìtì kan ni iná 1,000 wáàtì fún wákàtí kan). Kò sí ojóòró níbẹ̀. ₦209.50 ni wọ́n ta yúníìtì kan fún yín lórí rìsíìtì yìí, ẹ wá fi VAT lé e, ó di nǹkan bíi ₦225. Kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó wọlé, kò tó ₦70. Oṣù yẹn ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé e dé ₦225 láìtíì ka VAT fún àwọn oníbáńdì A, lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù díẹ̀. Mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀dà Road ò bá ti ìbínú wá mọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo fi kún un.

Yúníìtì 88.8 ní ọjọ́ mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ ní fírísà ló ń jẹ ẹ́. Èmi ò gbà. Fírísà bíi tiyín ń fa nǹkan bíi 200 wáàtì nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń dún, ṣùgbọ́n kì í dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá tutù tó, á dákẹ́, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó dún fún wákàtí méjìlá nínú mẹ́rìnlélógún, yúníìtì 2.4 nìyẹn. Àwọn méjèèjì ò pé márùn-ún. Ta ló jẹ ìyókù?

Ríìngì yẹn ni, Ìyá wa. Ẹ dárúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan! Èyí tí wọ́n ń kì bọ báàkẹ́tì yẹn máa ń tó 1,500 wáàtì. Báwọn ọmọ bá jẹ́ kí omi hó kí wọ́n tó fi omi tútù là á, tí báàkẹ́tì kọ̀ọ̀kan gba ìdajì wákàtí, yúníìtì mẹ́ta ti lọ kí agogo ilé ìwé tó lù. ₦675 nìyẹn lójúmọ́, lórí omi ìwẹ̀. Ẹ gbé omi ka gáàsì, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tó.

Ẹ tún ṣe nǹkan méjì fún mi. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu fírísà, ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́, rọ́bà rẹ̀ ti bàjẹ́, òtútù ń jò lọ, ẹ̀rọ ò sì ní sinmi. Ẹ wá kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí ọmọ kankan tó jí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ohun tí fírísà àti fáànù jẹ mọ́jú. Ẹni tí kò bá ti mọ nọ́ńbà yìí, ẹ má gbà kó tà yín ní sólà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó sọ̀rọ̀ páànẹ́lì. Ọ̀kan tó jẹ́ 550 wáàtì máa ń mú nǹkan bíi yúníìtì méjì wá ní ọjọ́ tí oòrùn Àkúrẹ́ bá mú dáadáa. Mẹ́rin tó fírísà méjì, ó tún ṣẹ́ kù. Nínú òjò oṣù keje sí ìkẹjọ, ẹ lè rí ìdajì rẹ̀, iná ìjọba á sì gbè é lẹ́sẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ fi mẹ́wàá ṣe?

Ní ti bátìrì, ẹja tó ti dì yẹn gan-an ni bátìrì yín. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú fírísà le dáadáa lọ́sàn-án, kí ẹ fi ọ̀rá omi dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lóru. Ilẹ̀ á mọ́ bá a ní dídì. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó gba yúníìtì márùn-ún ti tó. Ínfátà ni kí ẹ má fi ṣahun, ẹ ra 3.5 KVA, torí pé bí ẹ̀rọ fírísà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fà ju iye tó ń fà lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní ìlú Oǹdó. Bátìrì túbúlà méjì, 220 Ah, tí mo rà kò lò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ tó fi kú. Fíríìjì, fáànù méjì àti tẹlifísàn ni mo ń lò mọ́jú. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ínfátà á máa ké. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ẹ̀yin tíṣà wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Yúníìtì 2.6 ló wà nínú ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré lẹ láṣẹ láti lò. Nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn á ti lo ìdajì méjèèjì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Igbe tí ẹ ń gbọ́ yẹn, bátìrì ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá yín fi í sí i ló yẹ kó ti sọ.

Ẹ ò sì sọ bóyá ẹ ń bu omi sí i. Èmi náà pa bátìrì méjì àkọ́kọ́ mi. Mo rí i pé omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mo ra ásíìdì dà sí i, mo rò pé ara rẹ̀ á le sí i. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi ń tan àtùpà, tó ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Omi bátìrì tí kò ní iyọ̀ kankan nínú nìkan ni kí ẹ máa bù sí i, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ra mẹ́rin, tàbí kí ẹ pa fíríìjì lálẹ́.

Ẹ káàsán, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Ṣé mo lè fi sólà lọ aṣọ?

Bí ínfátà ilé yín bá tó 2 KVA, lọ ọ́ láàárín aago mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn wà lójú páànẹ́lì. Pa fíríìjì ná. Kó gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ náà jọ, kí o lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní Sátidé. Lóru, fi aṣọ rẹ sábẹ́ ìrọ̀rí.