Èsì: Coltman gba Victoria Cross láìyìnbọn

Ẹnìkan béèrè bóyá èèyàn lè gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Britain, láìyìnbọn. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni pé William Coltman, ọmọ ogun Britain nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gbà á láìyìnbọn rárá. Ìgboyà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye ẹni téèyàn pa. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tá ló ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ o. Bí ọ̀tá kò bá sí níbẹ̀, George Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà Britain mìíràn, ni wọ́n ń fúnni láti 1940.

Iṣẹ́ Coltman ni gbígbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní October 1918, nítòsí Sequehart ní ilẹ̀ Faransé, ó gbọ́ pé wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sẹ́yìn. Òun nìkan ló lọ síbi tí ìbọn ti ń dún. Ó di ọgbẹ́ wọn, ó sì pọn wọ́n jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra! Wákàtí 48 ló fi tọ́jú wọn láìsinmi.

Ó tún gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà DCM (Distinguished Conduct Medal) lẹ́ẹ̀mejì àti MM (Military Medal) lẹ́ẹ̀mejì.