Settled status kò wo ẹ̀yìn: inṣọ́ránsì ìlera àti pásípọ́ọ̀tù ọmọ

Ẹ kú làásìgbò ìwé. Bí mo ṣe lóye ìbéèrè yín: pásípọ́ọ̀tù Ítálì lẹ fi wọ Ìlú Ọba ní oṣù Kẹsàn-án 2012, ẹ kàwé títí di 2017, ẹ bímọ ní oṣù Kẹta 2018, settled status yín (àṣẹ ìgbé tí Ìlú Ọba ń fún ará Yúróòpù nítorí Brexit) dé ní 2019. Kí ló wá dé tí wọ́n ń bèèrè inṣọ́ránsì ìlera kí wọ́n tó fún ọmọ ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba?

Ọjọ́ tí settled status bá bọ́ sọ́wọ́ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀. Kò kan ọmọ tó ti wáyé ṣáájú. Ẹ̀tọ́ ìgbé títí láé ti òfin Yúróòpù (permanent residence) gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, tàbí lọ́wọ́ bàbá ọmọ, lọ́jọ́ tí ẹ bí ọmọ náà gan-an. Lábẹ́ òfin Yúróòpù ìgbà yẹn, ọdún márùn-ún gbáko ní Ìlú Ọba ló ń mú un wá, àmọ́ ọdún tí èèyàn fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ ìṣírò àfi tó bá ní inṣọ́ránsì ìlera tó kárí. Pé ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP (dókítà àdúgbò), Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀lú, kò kà á sí. Èyí ló ń dunni jù, torí NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, gbà yín wọlé láìjanpata.

Kẹ́ ẹ tó máa wá káàdì ìlera kiri, ẹ wo iṣẹ́ ná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ì báà jẹ́ iṣẹ́ kéà lópin ọ̀sẹ̀, lè jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú òfin, òṣìṣẹ́ kò sì nílò inṣọ́ránsì. P60 (ìwé owó oṣù àti owó orí ọdún kọ̀ọ̀kan) àti payslip ni ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti sọnù, HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, máa fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín ránṣẹ́ bẹ́ ẹ bá béèrè. Ọdún iṣẹ́ àti ọdún ẹ̀kọ́ tó ní inṣọ́ránsì ṣeé rò pọ̀, bí kò bá ti sí àlàfo láàárín wọn.

Tí iṣẹ́ kò bá tó, ó di EHIC, káàdì ìlera ti Yúróòpù. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti wá ló fún yín. Èyí tí Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ fún yín kò wúlò rárá. Ti Ítálì wà lẹ́yìn Tessera Sanitaria, káàdì ìlera Ítálì. Ẹ yí káàdì náà padà: àpótí 9 ni ọjọ́ tó máa parí, kò sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, káàdì tó parí ní 2017 kò sọ nǹkan kan nípa 2013. Lẹ́tà ASL (ọ́fíìsì ìlera ìjọba Ítálì) àdúgbò tẹ́ ẹ ti gbé, tó kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ló ń dí ihò yẹn. Ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ṣọ́ra fún AIRE o, ìwé orúkọ àwọn ará Ítálì tó ń gbé òkè òkun. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ pé òun ti kó kúrò ní Ítálì, ìlera ìjọba ibẹ̀ ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, kódà bí ọjọ́ ara káàdì kò tíì pé. Ẹ mọ ọjọ́ AIRE yín kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí ASL.

Inṣọ́ránsì tẹ́ ẹ fowó ara yín rà náà dára, tí ìwé rẹ̀ bá kárí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ti ìrìn àjò, tàbí èyí tó kàn ń dá owó eyín àti awò padà, wọn kì í gbà á.

Ní 10 oṣù Kẹta 2022, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ C-247/20 pé ẹni tó ti wà nínú NHS lọ́fẹ̀ẹ́ ti ní inṣọ́ránsì tó kárí. Ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín, àmọ́ ẹ má gbára lé òun nìkan.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù MN1 forúkọ ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìlú Ọba kó tó pé ọdún 18, torí ẹ ti ní settled status báyìí. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá sì pé ọmọ ọdún 10 ní Ìlú Ọba, fọ́ọ̀mù T wà fún un láìwo páálí òbí. Ìwé pupa tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí àti lẹ́tà iléèwé ni wọ́n máa bèèrè nígbà náà, ẹ má dà wọ́n nù.