Kí ni “ìran” nílẹ̀ Ìjẹ̀bú?

Ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà tutọ́ sínú ike, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń wá ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí èsì dé, Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, wọn ò dárúkọ Ìjẹ̀bú. Ará Ẹdó ni bàbá ọmọ náà. Ẹnì kan nínú ẹbí ìyá yìí wá sọ pé ọmọ Ẹdó lásán ni, kò sí nínú ìran àwọn.

Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ká fi í wé “ẹ̀yà” tí wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yà ni ìpín kan lára odindi, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń jẹ́ ẹ̀yà ara. Ìran ni àwọn tó ń bí ara wọn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ babańlá àti ìyáńlá. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nínú méjèèjì.

Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ìdílé bàbá ló máa ń gba ọmọ. Tiwa yàtọ̀. Ní 1966, Peter Lloyd, òyìnbó tó ń ṣèwádìí àṣà àti ìṣẹ̀dálẹ̀ ìdílé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, ọmọ lè gba ọ̀nà ìyá wọ inú ẹbí bó ṣe lè gba ọ̀nà bàbá. Mo ti fojú ara mi rí i. Mo jókòó ti akọ̀wé ẹbí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń dáwó páànù ilé ńlá. Ìwé rẹ̀ ti gbó, wọ́n fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ́ ilé ló wà lókè, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin wà nísàlẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀ka ìyá àgbà kan tó ti kú, ọkùnrin kan tí orúkọ bàbá rẹ̀ kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú dìde, ó san tirẹ̀, akọ̀wé fàmì sí i. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé Wàdáì, ilẹ̀ kan lọ́nà Sudan, la ti wá, nítorí náà a kì í ṣe Yorùbá. Ìtàn Wàdáì wà lẹ́nu àwọn àgbà, ti Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀. Èmi ò rò pé ọ̀kan nínú wọn lè yọ wá kúrò níbi tí a wà. Àwọn Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà “Yorùbá” ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀. Inú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn oníwàásù bíi Àjàyí Crowther sọ ọ́ di orúkọ gbogbo wa. Kó tó dìgbà náà, Ìjẹ̀bú làwọn babańlá wa ń pe ara wọn, ó sì tó wọn.

Ti àyẹ̀wò yẹn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi DNA inú itọ́ ọmọ yín wé ti àwọn tí wọ́n ti kó jọ tẹ́lẹ̀. Nínú HapMap, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí ìyàtọ̀ inú DNA èèyàn, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, Ìbàdàn ni wọ́n ti kó ti Yorùbá: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30, 90 èèyàn. Ẹ sì rántí pé jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló jọ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Báwo ni wọ́n sì ṣe mọ ẹni tó jẹ́ Yorùbá? Wọ́n bi wọ́n ni. Ẹni tó bá ní òbí àgbà òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ Yorùbá ni wọ́n gbà. Ẹnu èèyàn ló ṣáájú ẹ̀rọ níbẹ̀.

Torí náà Mọ́mì, ẹ má gbé èsì yẹn lọ sípàdé ẹbí. Orúkọ ọmọ ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sábẹ́ tiyín, kí ẹ sì san owó tó bá kàn án. Ẹdó tí bàbá rẹ̀ fún un wà níbẹ̀ digbí.