Bí Agbẹjọ́rò Tó Wà Lẹ́yìn Odi Ṣe Lè Dìbò Nínú Ẹgbẹ́ NBA

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Arábìnrin wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní Calgary béèrè bóyá òun ṣì lè dìbò yan ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NBA, láìwá sílé, àti bóyá ọkọ òun tó jẹ́ dókítà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Àbújá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òfin. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn, nítorí ó máa ń dùn mí bí mo bá rí bí ìbò àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣòfò lórí ohun tí wọn ìbá ti tún ṣe látorí fóònù.

Ẹ lè dìbò, mà. Láti ọdún 2016 ni agbẹjọ́rò kọ̀ọ̀kan tó bá kún ojú òṣùwọ̀n ti ń dìbò fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn aṣojú ni wọ́n ń péjọ láti yan àwọn olóyè fún gbogbo wa. Ọdún méjì méjì ni ìdìbò ń wáyé, ipò ààrẹ sì ń yí ká láàrin Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 2020 ó kan Ìwọ̀-Oòrùn, Olumide Akpata ló wọlé. Ní 2022 ó kan Àríwá, Yakubu Maikyau gbà á. Ní 2024 ó kan Ìlà-Oòrùn, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Afam Osigwe. Kò sí èyí tó ní kí olùdìbò wà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ ni ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, kì í ṣe ọjọ́ ìdìbò. Kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, ẹni tó fẹ́ dìbò lọ́dún náà ti gbọ́dọ̀ san owó méjì. Èkíní ni owó ìṣiṣẹ́ ọdọọdún tí a ń pè ní BPF, èyí tí ẹ lè san lórí ìkànnì ẹgbẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fún yín nígbà tí ẹ di agbẹjọ́rò. Iye rẹ̀ yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ènìyàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni owó ẹ̀ka. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyí, nítorí wọ́n rò pé BPF ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní agbègbè Àbújá nìkan, ẹ̀ka Àbújá wà, Garki wà, Bwari wà, Gwagwalada náà wà, oníkálukú pẹ̀lú akápò tirẹ̀. Agbẹjọ́rò kan tí mo mọ̀, tó ń gbé ní Ireland, san BPF láti oṣù Kìíní, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ àwọn olùdìbò jáde, a kò rí tirẹ̀, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ka yín nísinsìnyí, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé wọn àti iye tí ẹ jẹ, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fún yín ní rìsíìtì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù, tí ó le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdìbò yóò fi kàn sí yín. Bí ó bá jẹ́ ímeèlì ọ́fíìsì tí ẹ ti fi sílẹ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò ni, ẹ kò ní rí nǹkan kan gbà. Bí ó bá jẹ́ láìnì Nàìjíríà tí ẹ kò lò fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ fóònù lè ti pa á. Bí ó bá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti fún ẹlòmíràn. Ẹ tún wo orúkọ: bí ẹ bá ti ń lo orúkọ ọkọ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí orúkọ bàbá yín ṣì wà ní Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, èyí tó wà nílé-ẹjọ́ ni kí ẹ máa wá nínú ìwé olùdìbò. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé orúkọ jáde kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ẹni tí wọ́n fò lè fi ẹ̀hónú hàn. Àkókò yẹn ni kí ẹ fi rìsíìtì méjèèjì ránṣẹ́. Bí ó bá ti kọjá, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án mọ́.

Mo mọ̀ pé a máa ń rán àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ nílé ní iṣẹ́, bóyá láti gba ìwé ẹ̀rí tàbí láti san owó ilẹ̀. Wọ́n lè bá yín san owó ẹ̀ka, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi línkì ìdìbò tàbí nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà ṣe ọmọ ìyá yín, ì báà sì ṣe olùdíje tó ní òun fẹ́ gba wàhálà náà kúrò lọ́rùn yín. Ìbò tiyín ni, ẹ̀yin ni kí ẹ dì í.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín yàtọ̀. MDCN kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ àti láti máa bá wọn wí ni, ìjọba ló sì ń yan alága rẹ̀. Owó tí wọ́n ń san síbẹ̀ lọ́dọọdún kò sọ wọ́n di olùdìbò nínú NMA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Nínú NMA, àwọn aṣojú tí ẹ̀ka ìpínlẹ̀ rán wá sí àpérò ọdọọdún ló ń yan àwọn olóyè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn wọn dé ibẹ̀, ẹ̀ka wọn ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí àwọn aṣojú tó gbéra. Fún àwọn oníṣirò owó inú wa, ìdìbò ICAN, tí í ṣe ẹgbẹ́ wọn, wà fún yíyan ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló wá ń yan ààrẹ láàrin ara wọn.

Ní ọjọ́ ìdìbò NBA, aago Nàìjíríà ni kí ẹ máa wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiyín, wákàtí méje ni Calgary fi wà lẹ́yìn Àbújá: bí wọ́n bá ní ìdìbò yóò parí ní agogo méjìlá òru, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín, nítorí náà ẹ dì í láàárọ̀ kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́.